Ìlà Tó Ṣófo

Akọ̀wé ni mí nílé òkú, ní Kolombo létí òkun.
Kì í ṣe èmi ni mo ṣòfin.
Èmi kàn ń gbé e láti orí tábìlì dé ẹnu ọ̀nà ni:
bébà kan, bírò kan, ìlà kan nísàlẹ̀
níbi tí olóòkú yóò ti buwọ́ lù ú.

Lọ́dún tí àrùn náà wọ̀lú, ìjọba kọ ọ́ sínú ìwé pé
ẹni tó bá kú, iná ni.
Wọ́n ní bí a bá bò ó mọ́lẹ̀, àrùn yóò rìn lábẹ́ ilẹ̀,
yóò wọnú kànga, yóò wá bá wa nínú ife.
Ta ni mí tí n ó bá ọ̀mọ̀wé jiyàn omi?
Mo pọnmi, mo sè é. Mo tún un sè.

Ẹ jẹ́ n sòótọ́: iná kì í ṣe ọ̀tá mi.
Iná la fi sin bàbá mi.
Èmi àkọ́bí ni mo gbé ògùṣọ̀, mo yí i ká lẹ́ẹ̀mẹta,
àwọn àlùfáà Búdà ń ka tiwọn wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́,
èéfín gòkè, ọkàn mi sì balẹ̀.

Ìgbà náà ni Nawsar dé, apẹja láti Beruwala.
Ìyá rẹ̀, Sithy Jezeema, wà nínú yìnyín lẹ́yìn mi.
Kò pariwo.
"Ọ̀gá, ìyá mi fọwọ́ ara rẹ̀ rán aṣọ tí a ó fi sin ín,
ègé funfun márùn-ún, ó fi kafúrà sí i,
ọdún mẹ́sàn-án ló ti wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì.
Ẹ ní a ò gbọdọ̀ wẹ̀ ẹ́. Mo gbà, àrùn ni.
Ẹ ní èrò ò gbọdọ̀ pé. Mo gbà, èmi nìkan ni n ó kírun sí i lára.
Ẹ ti mọ́ṣáláṣí pa, mo ń forí kanlẹ̀ nínú ọkọ̀ ojú omi mi
láàárín ìpẹ́ ẹja.
Ohun tí mo lè fi sílẹ̀, mo ti fi sílẹ̀ tán.
Ó ku ilẹ̀."

Mo ní òfin ò mọ ojú ẹnikẹ́ni,
tẹ́ńpìlì tiwa náà, àgádágodo ló wà lẹ́nu rẹ̀.
Ó wò mí pẹ́.
"Ẹ̀yin, ilẹ̀kùn ni wọ́n tì.
Àwa, ìyá wa ni wọ́n fẹ́ sun."

Kò buwọ́ lù ú.
Òfin ò sì dúró de ọwọ́ rẹ̀. Aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, wọ́n gbé e lọ.
Kí wá ni ìlà náà wà fún?

Láàárín ọ̀sẹ̀ yẹn, ẹnì kan ń so aṣọ funfun tẹ́ẹ́rẹ́
mọ́ géètì ibi tí wọ́n ti ń sun òkú.
Ọlọ́pàá á tú u lóru, ilẹ̀ á mọ́, a ó tún bá a níbẹ̀,
funfun lórí irin, ó ń fẹ́ lẹ́lẹ́.
Lọ́jọ́ kan mo sún mọ́ ọn bí ẹni tí bàtà rẹ̀ tú.
Ó ń rùn kafúrà.
Mo so bàtà mi. Mo bá tèmi lọ.

Nígbà tó yá, ìwé mìíràn jáde: wọ́n lè sin òkú o,
ní ibì kan tó jìnnà réré, lójú àwọn sójà.
Mo fóònù Nawsar. N kò mọ ohun tó sún mi ṣe é.
Ìkòkò eérú kan ṣì wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù mi,
ó ti kọ̀ ọ́, ó ní òun ò mọ ẹni tó wà níbẹ̀.
Mo ka ìwé náà fún un láti òkè délẹ̀.
Ó ní, "Omi ńkọ́? Kí ni wọ́n sọ nípa omi?"
Mo tún ìwé náà yẹ̀ wò, iwájú àti ẹ̀yìn.
Mo ní, "Wọn kò sọ nǹkan kan."
Kò pa fóònù. Mo ń gbọ́ òkun lọ́dọ̀ rẹ̀,
èmi náà ò pa tèmi.